Òpin Ọ̀sẹ̀ Ìdágbére: Bí Ìdílé Ṣe Lè Fi Ìbàdàn Lé Ọmọ Lọ́wọ́ Kí Wọ́n Tó Kó Lọ sí Òkè Òkun

Àsọyé tòní dá lórí ohun kan tó ti di àṣà láàárín àwọn ìdílé tó ń kó kúrò ní ìlú Ìbàdàn lọ sí òkè òkun, ìyẹn òpin ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, tí tọkọtaya tí ọjọ́ orí wọn kò tíì jìnnà máa ń kó àwọn ọmọ wọn kéékèèké sínú ọkọ̀, tí wọ́n á sì máa gbé wọn káàkiri ìlú láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, kí wọ́n lè fojú rí àwọn ibi tí wọ́n ti ń sún síwájú láti ọdún pípẹ́. Ohun tí àsọyé yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìrìn kékeré yìí kọjá fàájì lásán, nítorí òun ni ẹ̀kọ́ ìkẹyìn tí ìlú máa kọ́ ọmọ kí ọmọ tó kúrò nínú rẹ̀, àti pé iye ibi tí ọmọ dé kọ́ ló ń mú kí ẹ̀kọ́ náà wọ̀ ọ́ lára, ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ni, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ dì mú, ohun tí ẹnu rẹ̀ tọ́ wò, àti ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Kí olùgbọ́ tó lè mọ ìdí tí òpin ọ̀sẹ̀ yìí fi máa ń há tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó mọ bí ìgbáradì fún irú ìrìn àjò náà ṣe máa ń rí. Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni jápa, ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ ìgboro ń lò fún kí ènìyàn tètè sá kúrò níbì kan, ti di orúkọ tí tọmọdé tàgbà ń pe kíkó lọ sí Ìlú Ọba, Kánádà, Amẹ́ríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè míì láti lọ wá iṣẹ́ tàbí ìwé. Títí ìwé àṣẹ ìwọ̀lú, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní físà, yóò fi jáde, ìdílé kì í lè sọ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ pàtó. Nígbà tó bá sì jáde tán, gbogbo nǹkan á di wéréwéré: wọ́n á ta fìríìjì, jẹnẹrétọ̀ àti bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á dá ilé padà fún onílé, wọ́n á gba ìwé ọmọ jáde nílé ẹ̀kọ́, wọ́n á sì máa gbé àpò sórí òṣùwọ̀n kí ẹrù má bàa ju iye kílò tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú gbà láàyè. Òfin Ìlú Ọba tún dá kún un, nítorí láti oṣù kìíní ọdún 2024 ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ gba oyè kejì níbẹ̀ kò ti lè mú ọkọ tàbí aya àti ọmọ wọn dání mọ́, nígbà tó sì di oṣù kẹta ọdún kan náà, wọ́n fi irú òfin yìí de àwọn tó ń lọ ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà àti aláìlera. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, nínú àwọn ìdílé kan, ẹnì kan ló máa kọ́kọ́ lọ kí àwọn yòókù tó tẹ̀lé e, tí òpin ọ̀sẹ̀ yìí á sì jẹ́ èyí tí bàbá, ìyá àti ọmọ máa fi wà pa pọ̀ kẹ́yìn fún ìgbà pípẹ́.

Nígbà tí ọjọ́ Sátidé náà bá wá mọ́, ohun tó wọ́pọ̀ ni pé ìdílé á ti to ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi sínú ìwé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìtajà ìgbàlódé kan, wọ́n á kọjá sí ibi ìlúwẹ̀ẹ́, wọ́n á yà níbi tí wọ́n ti ń ta áísìkiriìmù àti adìẹ dídín, wọ́n á ya fọ́tò níbì kọ̀ọ̀kan, oorun á sì ti máa kun ọmọ kí oòrùn tó wọ̀. Kò sí aburú nínú fàájì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ni ọmọ náà máa bá ní Manchester tàbí ní Toronto, yóò sì wà lárọ̀ọ́wọ́tó rẹ̀ níbẹ̀ nígbàkígbà. Ohun tí kò ní bá níbẹ̀ ni òkè tí ìtàn ìlú rẹ̀ so mọ́, ilé gíga tí owó kòkó àwọn àgbẹ̀ kọ́, ìkòkò ńlá tí wọ́n ti ń ro àmàlà fún gbogbo ẹni tó bá yà, àti ìyá àgbà tó mọ oríkì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nítorí náà, ìdílé tó bá mọ ohun tó ń wá á dín iye ibi tó máa lọ kù, á sì fi àkókò kún èyí tó bá mú, kí ibì kọ̀ọ̀kan lè ní ìtàn tirẹ̀ àti iṣẹ́ tí ọmọ máa fi ara rẹ̀ ṣe níbẹ̀.

Ibi tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ lọ, ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú, ni Òkè Ààrẹ, níbi tí ilé ìṣọ́ kan wà tí ìwé ìjọba ń pè ní Ilé Ìṣọ́ Bower, tí àwọn ará Ìbàdàn sì ń pè ní Láyípo nítorí àtẹ̀gùn tó yí po nínú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ ní ìrántí Robert Bower, ọ̀gá ológun tó kọ́kọ́ jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn lẹ́yìn àdéhùn tí ìlú náà bá ìjọba náà ṣe ní ọdún 1893, ọkùnrin kan náà tó sì yin àgbá lu ìlú Ọ̀yọ́ ní ọdún 1895. Ó dára kí òbí sọ méjèèjì fún ọmọ tó bá ti tó gbọ́, kí ọmọ má bàa rò pé gbogbo ẹni tí wọ́n fi ilé ṣe ìrántí rẹ̀ ni ó ṣe gbogbo ènìyàn lóore.

Àtẹ̀gùn Láyípo jẹ́ 47. Bí ọmọ bá ń gùn ún, ọwọ́ rẹ̀ kan á máa ra ògiri, èkejì á wà lọ́wọ́ bàbá tàbí ìyá rẹ̀, á yí lẹ́ẹ̀kan, á tún yí, kò sì ní rí òkè àfi ìgbà tó bá dé e. Iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n fún un ni kó máa ka àtẹ̀gùn náà ní Yorùbá, láti oókan títí dé mẹ́tàdínláàádọ́ta, kí òbí máa gbè é lẹ́sẹ̀ níbi tí ẹnu rẹ̀ bá ti ń kọ́lẹ̀, nítorí ohun tí ọmọ bá fi mímí àti ìṣísẹ̀ kà kì í tètè kúrò lórí rẹ̀. Lókè pátápátá, afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i lójú, ìlú á sì tẹ́ lọ níwájú rẹ̀ níbi tí ojú lè gbé e dé: òrùlé páànù tó ti dógùn-ún, ọ̀kan lórí èkejì, tí àwọ̀ wọn pọ́n nínú oòrùn àárọ̀, Gbọ̀ngàn Mápó nítòsí, Ilé Kòkó lápá Dùgbẹ̀, àti àwọn òkè tí ilé ti bò mọ́lẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ fi ìka wá apá ibi tí ilé wọn wà, kí wọ́n má sì kánjú, nítorí bí ọmọ bá ti fi ojú ara rẹ̀ wá ilé rẹ̀ rí láàárín ilé àìmọye, ó ti mọ̀ pé ìlú kan wà tí òun ní ààyè nínú rẹ̀.

Orí òkè yìí ló ti rọrùn jù láti sọ ìtàn ìlú, nítorí ọmọ á máa rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Lágelú, jagunjagun láti Ilé-Ifẹ̀, ló tẹ ìlú àkọ́kọ́ dó. Ó tún sọ pé nígbà tí wọ́n tú eégún wò lójú ọjà, tí àwọn ọba agbègbè sì kógun tì wọ́n, ìwọ̀nba àwọn tó ṣẹ́kù sá gun orí òkè, wọ́n ń jẹ èso òro àti ìgbín, wọ́n sì ń fi ìkarahun ìgbín mu ẹ̀kọ. Òkè náà ni wọ́n ṣì ń ṣe ọdún rẹ̀ títí di òní, tí wọ́n ń pè ní ọdún Òkè Ìbàdàn. Ti ìlú tó wà lónìí sì wà nínú ìwé ìtàn: lẹ́yìn ogun Òwu, ní nǹkan bí ọdún 1829, àwọn ọmọ ogun láti Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá dó sí abúlé tí àwọn ará ibẹ̀ ti sá fi sílẹ̀, wọ́n sì sọ ibùdó ogun di ìlú, nígbà tó fi máa di ọdún 1840, ìlú tí kò tíì pé ogún ọdún yìí ló lé ogun Ìlọrin padà ní Òṣogbo. Nítorí pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ibi tí àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó ti wá, Ìbàdàn kò fi oyè mọ sí ìdílé ọba kan ṣoṣo: ẹni tó bá jẹ Mógàjí, ìyẹn olórí agbo ilé, lè máa gòkè díẹ̀díẹ̀ ní ìlà Ọ̀tún tàbí ní ìlà Balógun títí yóò fi di Olúbàdàn, orúkọ oyè tó rọ́pò Baálẹ̀ ní ọdún 1936 kan náà tí wọ́n kọ́ Láyípo.

Ọmọ tó ń lọ sí ìlú onílùú nílò ìtàn yìí ju bí àwọn òbí kan ṣe rò lọ, nítorí ó ń kọ́ ọ pé àwọn tó ṣí kúrò níbi tí wọ́n ti bí wọn náà ló sọ Ìbàdàn di ńlá, pé wọ́n mú oríkì, èèwọ̀ àti orúkọ ìlú wọn wá, wọn kò sì sọ wọ́n nù nígbà tí wọ́n di ará Ìbàdàn. Ẹni tó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní máa tijú pé òun kò bá wọn bí níbi tó dé, kò sì ní rò pé ó di dandan kí òun gbàgbé ibi tí òun ti wá kí wọ́n tó gba òun mọ́ra.

Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, ni wọ́n máa kọ́kọ́ yà. Kò pọn dandan kí wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Kí ọmọ na apá rẹ̀ méjèèjì mọ́ ọ̀kan nínú àwọn òpó ńlá iwájú rẹ̀, kó rí i pé apá òun kò ká a, kí wọ́n sì fi ọjà tó wà nísàlẹ̀ hàn án. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tó ti ń bẹ̀rù ilé ẹ̀kọ́ tuntun tó ń lọ, Kúdẹtì ni kí wọ́n mú un dé, níbi tí David Hinderer àti Anna aya rẹ̀, àwọn ajíhìnrere tó wá fìdí kalẹ̀ sí Ìbàdàn ní ọdún 1853, dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ sí. Àwọn ọmọ Ìbàdàn tó kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ náà ni Akínyẹlé àti Yéjídé, ọmọ Olóyè Olúnlóyọ̀, àwọn ọmọdé méjì tí wọ́n jókòó síwájú àwọn tí èdè wọn àti àwọ̀ wọn yàtọ̀ sí tiwọn, tí wọ́n sì kọ́ ohun tí wọ́n kọ́ láì di ọmọ ẹlòmíì. Òbí tó bá sọ ìtàn yìí dáadáa á ti fi ọmọ rẹ̀ lọ́kàn balẹ̀.

Ní ọ̀sán, oúnjẹ ló kàn, kò sì sí oúnjẹ tí orúkọ Ìbàdàn so mọ́ tó àmàlà. Èlùbọ́ ni wọ́n fi ń rò ó, èlùbọ́ sì ni iṣu tí wọ́n bó, tí wọ́n bọ̀ sínú omi gbígbóná, tí wọ́n sá sóòrùn títí tó fi gbẹ ganganran, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Èyí tí wọ́n fi pákí ṣe ni wọ́n ń pè ní láfún. Ìdílé tó fẹ́ kí ọmọ mọ ohun tó ń jẹ kò ní jókòó dúró de abọ́ nìkan, wọ́n á kí ìyá olóúnjẹ, wọ́n á tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọmọ lè dúró jìnnà díẹ̀ sí iná kó máa wò ó. Ọmọ á rí i bí omi ṣe ń hó yaya, bí ìyá náà ṣe ń da èlùbọ́ sínú rẹ̀, tó ń fi orógùn, igi gígùn pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ro oúnjẹ, rò ó títí kókó kan kò fi sí níbẹ̀ mọ́, tó sì tún bu omi díẹ̀ sí i, tó dé e kó lè jinná dénú, kó tó tún rò ó lẹ́ẹ̀kejì. Á rí ìjábẹ̀, ìgbálẹ̀ kékeré tí wọ́n fi ń ja ewédú nínú ìkòkò. Á rí gbẹ̀gìrì, ọbẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀wà tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ sè. Á sì rí bí wọ́n ṣe ń bu àwọn méjèèjì pẹ̀lú ọbẹ̀ ata lé ara wọn, tí ó di ohun tí àwọn ará Ìbàdàn ń pè ní àbùlà. Kí ó wẹ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, kó fi gé òkèlè, kó yí i nínú ọbẹ̀, kó sì jẹ ẹ́ láìsí ṣíbí. Èlùbọ́ wà nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní London, nítorí náà bí ìyá ọmọ bá ń rò ó níbẹ̀ nígbà òtútù, ọmọ á lè sọ bí wọ́n ṣe ń rò ó nílé, á sì mọ̀ pé ẹni tó ń rò ó níwájú òun ń ṣe iṣẹ́ tí òun ti fojú ara òun rí.

Láti ibi oúnjẹ, kí wọ́n gba Dùgbẹ̀ lọ, níbi tí Ilé Kòkó dúró sí. Wọ́n parí rẹ̀ ní ọdún 1965, alájà 26 ni, gíga rẹ̀ tó mítà 105, ó sì wà lára àwọn ilé tó ga jù ní ilẹ̀ Áfíríkà nígbà náà. Ọmọ á fẹ́ mọ ẹni tó ni owó tí wọ́n fi kọ́ ọ, ó sì yẹ kí òbí múra sílẹ̀ láti dá a lóhùn. Ní ayé ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn àtijọ́, àgbẹ̀ kì í ta kòkó rẹ̀ fún òyìnbó fúnra rẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba gbé kalẹ̀ ló ń rà á ní iye tí wọ́n ti fi lélẹ̀, òun ló sì ń tà á sókè òkun, bí ohun tí ọjà àgbáyé ń san bá sì ju ohun tí wọ́n fún àgbẹ̀ lọ, èlé tó bá wà níbẹ̀ á wà lọ́wọ́ ìjọba. Irú owó bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ró, èyí tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Àkókò yẹn náà ni tẹlifíṣọ̀n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ìlú Ìbàdàn yìí, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, tí wọ́n sì ṣí pápá ìṣeré Liberty ní ọdún 1960, níbi tí Dick Tiger ti na Gene Fullmer nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́ fún àmì ẹ̀yẹ àgbáyé ní ọdún 1963.

Ọ̀pọ̀ òbí tó ń kó lọ lónìí ló jẹ́ ọmọ ọmọ àgbẹ̀ tó jí lọ sóko kòkó ní òwúrọ̀ kùtù, tó fi àdá la pódi, tó sì sá kòkó sójú oòrùn. Ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́ gbangba fún ọmọ pé òógùn bàbá àgbà wà lára ilé gíga yẹn àti lára ilé ìwé tí àwọn òbí rẹ̀ lọ. Ilé náà jóná ní ọdún 1985, wọ́n sì tún un ṣe, èyí tó kọ́ ọmọ pé ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn gbé dúró tún ṣeé gbé dìde bí ó bá ṣubú.

Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, ìtàn nìkan kì í tó, ẹranko ló máa ń gbà á lọ́kàn. Ọgbà ẹranko tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi kékeré tí wọ́n ti ń kó ẹranko jọ fún ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, lẹ́yìn tí wọ́n dá yunifásítì náà sílẹ̀ ní ọdún 1948, kó tó di ibi tí gbogbo ìlú ń lọ. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ òbí ni ilé ẹ̀kọ́ wọn kó lọ síbẹ̀ nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, àwọn tó dàgbà jù wọ́n lọ sì ṣì ń sọ̀rọ̀ Àrúnà àti Imade, ìnàkí ńlá méjì tí òkìkí wọn kàn ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá láyé ọjọ́un, nítorí náà ìran mẹ́ta lè jọ ní ìtàn lórí ibì kan ṣoṣo. Bí ọkọ̀ wọn bá gba orí afárá Ògùnpa kọjá, kí wọ́n má ṣe dákẹ́ níbẹ̀ náà: odò kékeré yìí ló kún àkúnya ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tó gbé ilé, ọkọ̀ àti ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ, nítorí pé pàǹtírí àti ilé ti dí ọ̀nà rẹ̀. Ìfẹ́ ìlú tí kò mọ ibi tó ti dùn ún kò tíì pé.

Ohun kan wà tó yẹ kí wọ́n rà kí Sátidé tó tán, ìyẹn aṣọ òfì, tí àwọn míì ń pè ní aṣọ òkè, ní ọjà Ọjẹ́ tí àwọn oníṣòwò ti ń wá rà á láti ọ̀nà jíjìn. Kí ọmọ fi ọwọ́ kan sányán, tí wọ́n hun láti inú òwú tí kòkòrò ń ṣe nínú igbó, tí àwọ̀ rẹ̀ rí ràkọ̀ràkọ̀; kó fi ọwọ́ kan àlàárì tó pọ́n, àti ẹtù tí wọ́n rẹ sínú aró títí tó fi dúdú. Kò di ìgbà tí wọ́n bá ra odindi aṣọ. Fìlà kan tàbí ìborùn kan ti tó, nítorí kò wúwo nínú àpò, ọmọ á sì ní ohun tó máa wọ̀ ní ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbẹ̀ bá ní kí oníkálukú wọ aṣọ ilẹ̀ rẹ̀ wá.

Ọjọ́ Àìkú jẹ́ ti àwọn ènìyàn. Lẹ́yìn ìsìn, tàbí lẹ́yìn ìrun àárọ̀ fún àwọn Mùsùlùmí, agbo ilé ló yẹ kí ìdílé gbà lọ, ì báà jẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ní Agbeni tàbí ní Yemẹtu, níbi tí bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà ti ń retí wọn. Ọkọ á dọ̀bálẹ̀, ìyàwó á kúnlẹ̀, ọmọ náà á ṣe bí wọ́n ṣe ṣe, ìyá àgbà á sì gbé ọwọ́ lé e lórí, á pè é ní orúkọ oríkì rẹ̀, Àkànní tàbí Àbẹ̀kẹ́, á máa wúre pé, "Ẹ ó lọ rere, ẹ ó bọ̀ rere, ilẹ̀ ibẹ̀ á gbà yín, ẹ ò ní fẹsẹ̀ kọ," gbogbo ilé á sì máa ṣe àmín. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nítorí náà ọjọ́ yìí ni ó yẹ kí òbí fi fóònù gba ohùn àgbà sílẹ̀, kí wọ́n bi í ní orúkọ ẹni tó tẹ agbo ilé náà dó, ìlú tí ẹni náà ti ṣí wá, oríkì orílẹ̀ wọn, àti èèwọ̀ tí ìdílé náà kì í jẹ. Kí wọ́n má ṣe gé ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, kí wọ́n má sì sún un síwájú di ìgbà tí wọ́n bá wá sílé, nítorí kì í ṣe gbogbo àgbà tí wọ́n dágbére fún ni wọ́n máa padà bá.

Àwọn kan lè béèrè pé kí ni èrè gbogbo wàhálà yìí fún ọmọ ọdún mẹ́rin tó máa gbàgbé. Ìbéèrè tó yẹ ni. Àwọn onímọ̀ nípa ìrántí ẹ̀dá ti rí i pé àgbàlagbà kì í sábà rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ṣùgbọ́n àwọn náà ló rí i pé ọmọ tí òbí rẹ̀ máa ń bá sọ̀rọ̀ ohun tó ti kọjá, tí wọ́n sì ń fún un láàyè láti sọ tirẹ̀, a máa rántí púpọ̀ ju èyí tí wọn kì í bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Òpin ọ̀sẹ̀ ìdágbére kàn ń pèsè ohun tí wọ́n máa sọ ni. Sísọ ọ́ ní àsọtúnsọ, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dé ọ̀hún, ló ń so ó mọ́ ọmọ. Bí òbí bá bi ọmọ pé, "Ṣé o rántí Láyípo?", ọmọ á dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀; ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi í pé, "Kí lo rí nígbà tí a dé òkè? Ta ni àárẹ̀ kọ́kọ́ mú? Apá ibo lo ti rí ilé wa?", ọmọ á ní láti fi ẹnu ara rẹ̀ tún ìlú náà rìn. Ó yẹ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wáyé ní Yorùbá, lórí oúnjẹ alẹ́ tàbí kí ọmọ tó sùn, nítorí èdè náà ló bá ìtàn náà mu.

Kò sí èyí tó gba owó púpọ̀ nínú ohun tí àsọyé yìí là kalẹ̀. Takisí Máíkírà tí gbogbo ìlú ń wọ̀ á gbé ìdílé dé ibi tó pọ̀ jù nínú wọn, ẹsẹ̀ á gbé wọn dé ìyókù, owó ọjọ́ kan ní ilé ìtajà ìgbàlódé sì lè tó ná fún òpin ọ̀sẹ̀ náà. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni kí òbí pa fóònù tì fún wákàtí díẹ̀, kí wọ́n ti mọ ìtàn ibi tí wọ́n ń lọ kí wọ́n tó kúrò nílé, kí wọ́n sì gbà pé ọmọ lè dúró pẹ́ lórí ohun kékeré. Ojúṣe ìjọba àti àwọn aráàlú náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: ibi ìrántí tí koríko bá bò, tí kò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́, tí kò sì sí ẹni tó lè fi Yorùbá tó dáa ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọdé, ti kọ ẹ̀yìn sí àwọn ọmọ tó yẹ kó gbà lálejò, yálà wọ́n ń lọ tàbí wọ́n ń gbé.

Àwọn àgbà sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n ọmọ kò lè rántí ilé tí wọn kò mú un mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ṣe àárò ìlú tó jẹ́ pé inú ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ nìkan ló ti rí i. Èyí ló mú kí ọ̀rọ̀ náà kan àwọn tí kò ní físà lọ́wọ́, tí kò sì wù láti lọ síbì kankan, nítorí àìmọye ọmọ tí wọ́n bí ní Ìbàdàn ló ti dàgbà láìgun Láyípo, tí wọn kò mọ owó tó kọ́ Ilé Kòkó, tí wọn kò sì gbọ́ oríkì orílẹ̀ wọn lẹ́nu àgbà rí. Ìdílé tó ń kó lọ ń kánjú nítorí ọjọ́ ti dé sí wọn. Ìdílé tó ń gbé ìlú ní ààyè láti ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ibì kan lóṣù kan, àgbà kan lọ́sẹ̀ kan, títí ọmọ yóò fi mọ ìlú rẹ̀ dáadáa. Kí wọ́n má dúró de ìdágbére kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Òpin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yìí ti tó.